Gbèsè Òòrùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Alángbá Aṣálẹ̀ Tí A Ń Sìn Nínú Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ti wo alángbá fínnífínní, ó sì ti rí i pé ẹ̀dá náà kì í ké ìrora, kì í sunkún, kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bí ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ ló dà délẹ̀. Bí ara rẹ̀ kò le, bákan náà ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ń ṣe alángbá gbọ́dọ̀ lo ojú, kí ó lo ọpọlọ, kí ó sì fi sùúrù kún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ni ti alángbá nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe alángbá ara ògiri wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó padà kàn án. Alángbá aṣálẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sìn nínú ilé bí a ti ń sin ajá àti ológbò. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni alángbá onírùngbọ̀n, tí ìran rẹ̀ ti àwọn ilẹ̀ gbígbẹ inú Ọsirélíà wá. Òmíràn ni alángbá onírù ẹlẹ́gùn-ún, tí ó ń gbé aṣálẹ̀ Sàhárà àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí ó bá mú ẹranko kúrò lábẹ́ òòrùn rẹ̀ ti jẹ ẹranko náà ní gbèsè òòrùn. Gbèsè náà ṣeé san, ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu san án, a kì í sì í fi ìfẹ́ nìkan san án.

Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní London. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nígbà náà, ní alángbá onírùngbọ̀n kan nínú àpótí gíláàsì ńlá. Ọmọ náà fẹ́ràn alángbá yìí ju bọ́ọ̀lù lọ. Àràárọ̀ ni ó ń fún un ní ìrẹ̀ àti ewébẹ̀, ó ń pààrọ̀ omi rẹ̀, ó sì ti gbé àpótí rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé kí òòrùn lè máa ràn sí i lára. Gílóòbù kan tí ń mú ooru wá tún ń tàn lókè àpótí náà. Ẹni tí ó tà á fún wọn ti sọ pé ìyẹn ti tó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa débẹ̀ ní oṣù karùn-ún, alángbá náà ti ń wọ́ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ẹni tí ibà mú. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì rọ̀. Bí a bá fi ìka kàn án, ó ń tẹ̀ bí rọ́bà. Ìrẹ̀ ń rìn kọjá níwájú rẹ̀, ó ń wò ó, kò lè fò mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní bóyá ogbó ló dé, ṣùgbọ́n alángbá náà kò tí ì pé ọmọ ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ lè gbé ayé tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá bí ìtọ́jú rẹ̀ bá pé.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ bi ọmọ náà ni pé, "Iná UVB wo ni o ń tàn fún un?" Ọmọ náà fèsì pé iná wà níbẹ̀, àti pé òòrùn náà ń wọlé láti ojú fèrèsé. Dókítà mi orí. Ó ṣàlàyé pé gílóòbù tí ó wà níbẹ̀ ń mú ooru wá ni, kò mú UVB wá. Àti pé gíláàsì fèrèsé ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó ń dá UVB dúró síta. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àǹkù, mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀lẹ. Àìmọ̀ ni. Àìmọ̀ a sì máa ṣẹ́ egungun gẹ́gẹ́ bí kùmọ̀ ti ń ṣẹ́ ẹ.

Kí Ni UVB?

Gbogbo wa la mọ òṣùmàrè. Àwọ̀ méje ni wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ó ní, láti orí pupa títí dé orí elésè àlùkò. Ibi tí ojú ènìyàn ríran dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Ní ọdún 1801, onímọ̀ kan ní Jámánì tí ń jẹ́ Johann Wilhelm Ritter fi iyọ̀ fàdákà sí ibi tí ó dà bí òkùnkùn lẹ́yìn àwọ̀ elésè àlùkò, ó sì rí i pé iyọ̀ náà tètè dúdú níbẹ̀ ju ibi tí àwọ̀ tí ojú ń rí wà lọ. Ó hàn gbangba pé ìtànṣán kan ń bẹ níbẹ̀ tí ojú kò rí. Òun ni ayé ń pè ní ultraviolet lónìí.

Àwọn onímọ̀ pín ìtànṣán yìí sí mẹ́ta: UVA, UVB àti UVC. Afẹ́fẹ́ òkè ọ̀run dá UVC dúró kí ó tó dé ilẹ̀. UVA ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa; ojú àwa kò rí i, ṣùgbọ́n ojú àwọn alángbá rí i. UVB ni èyí tí ó wà láàárín nanometer 280 sí 315. Ó kéré nínú òòrùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré.

Iṣẹ́ wo ni? Bí UVB bá bà lé awọ, ó pàdé èròjà ọlọ́ràá kan níbẹ̀, ó sì yí i padà sí ohun tí yóò di fítámì D3. Ooru ara ni ó ń parí iṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ yóò pa á dà. Yóò dé kíndìnrín, kíndìnrín yóò tún un pa dà. Nígbà náà ni yóò tó di ohun tí ó lè ṣílẹ̀kùn ìfun fún kálísíọ́mù inú oúnjẹ. Bí fítámì yìí kò bá sí, kálísíọ́mù púpọ̀ yóò kàn kọjá lọ bí àlejò tí kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn fún un. Ara kò sì lè ṣe aláìní kálísíọ́mù, nítorí ọkàn àti iṣan ń lò ó. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ láti inú egungun. Egungun ni àpò ìfowópamọ́. Bí a bá ń yọ owó níbẹ̀ lójoojúmọ́ tí a kò fi òmíràn síbẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí a kò ní bá nǹkan kan. Ohun tí ó ṣe alángbá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo sọ nípa ooru. Ara alángbá kì í dá ooru ṣe bíi tiwa. Ìta ni ó ti ń wá a. Alángbá onírùngbọ̀n ń fẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí dígírì 35 kí oúnjẹ lè dà nínú rẹ̀. Ní aṣálẹ̀, ibi kan náà ni ooru àti UVB ti ń bọ̀, òòrùn kan ṣoṣo ni. Nínú àpótí, ènìyàn lè fi ooru sí igun kan kí ó sì fi UVB sí igun kejì, kí alángbá máa yáná níbi tí kò ti ní rí UVB. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti pín òòrùn sí méjì, òòrùn kò sì ṣeé pín.

Ọmọ Ènìyàn Ló Kọ́kọ́ Jìyà Rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹranko nìkan nìyí. Ní àwọn ìlú ńláńlá Yúróòpù tí èéfín ilé iṣẹ́ ti bo ojú ọ̀run nígbà kan, àìmọye ọmọ ni ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun nítorí àrùn egungun rírọ̀. Ní ọdún 1919, dókítà kan ní Berlin, Kurt Huldschinsky, fi àtùpà tí ó ní ultraviolet tọ́jú àwọn ọmọ tí àrùn náà ń bá jà, egungun wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí le padà. Ní ọdún 1928, wọ́n fún Adolf Windaus, ọmọ Jámánì, ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú èròjà ọlọ́ràá tí mo mẹ́nu bà lókè àti bí wọ́n ti bá fítámì tan. Gílóòbù UVB tí a ń tàn fún alángbá lónìí, ọmọ-ọmọ àtùpà Berlin yẹn ni.

Ẹ̀kọ́ kejì ti ilẹ̀ Nàìjíríà wa wá. Ní ọdún 1999, Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ọmọ tí àrùn egungun rírọ̀ ń ṣe ní Jos. Òòrùn kò wọ́n ní Jos. Ohun tí ó wọ́n nínú oúnjẹ àwọn ọmọ náà ni kálísíọ́mù, àwọn tí wọ́n sì fún ní kálísíọ́mù sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan lọ. Ìmọ́lẹ̀ kò lè kó ohun tí kò sí nínú ìfun wọlé. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Berlin àti ti Jos pọ̀, a ó rí i pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oúnjẹ kò lè ṣe iṣẹ́ òòrùn, òòrùn kò sì lè ṣe iṣẹ́ oúnjẹ. Alángbá inú àpótí ń fẹ́ méjèèjì.

Àríyànjiyàn Mẹ́rin

Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n sì ń sọ kò ju mẹ́rin lọ.

Èkínní, wọ́n ní kò sí ohun tí a ń fi iná ṣe, kí a sáà da ìyẹ̀fun fítámì D3 sórí ìrẹ̀ kí alángbá jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí kò gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 2010, Dennis Oonincx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nẹ́dálándì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ alángbá onírùngbọ̀n. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì náà lẹ́nu, wọ́n sì tan UVB fún àwọn mìíràn. Àwọn tí ó rí UVB fún wákàtí méjì péré lójúmọ́ ní fítámì D nínú ẹ̀jẹ̀ ju àwọn tí ó jẹ ẹ́ lẹ́nu lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Fítámì tí a fi sínú oúnjẹ lè pọ̀ jù, tí kálísíọ́mù yóò fi lọ máa dì mọ́ kíndìnrín àti òpó ẹ̀jẹ̀. Èyí tí òòrùn ń ṣe nínú awọ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1981, Michael Holick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn nípa awọ ènìyàn pé bí òòrùn bá ti pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ náà gan-an ni yóò yí àjẹṣẹ́kù padà sí ohun mìíràn tí kò lè ṣe ara ní jàǹbá. Àwọn agẹmọ ilẹ̀ Madagásíkà tún kọ́ wa ní ọgbọ́n kan sí i. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, àwọn agẹmọ tí fítámì D3 inú oúnjẹ wọn kéré ń jáde sínú ultraviolet ju àwọn tí tiwọn pọ̀ lọ. Ta ni ó sọ fún wọn? Ẹ̀dá mọ òṣùwọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yìí kò wúlò fún alángbá tí a da ìyẹ̀fun sí lórí oúnjẹ, nítorí kò lè jẹ ìrẹ̀ kí ó sì fi ìyẹ̀fun sílẹ̀.

Èkejì, wọ́n ní iná UVB àti òòrùn, ọ̀kan náà ni. Èmi kò gbà. Adelé ọba ni iná. Òòrùn ni ọba. Adelé lè tọ́jú ìlú, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n adelé kì í dé adé. Ní ọdún 2012, Paolo Selleri àti Nicola Di Girolamo ní Ítálì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìjàpá. Wọ́n fi àwọn kan sábẹ́ òòrùn gidi, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sábẹ́ oríṣi iná UVB méjì. Àwọn tí ó wà nínú òòrùn ni fítámì D pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìjàpá kì í ṣe alángbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ara wọn ń gbà lo ìmọ́lẹ̀ jọra.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Agbára iná ń dínkù bí a ti ń jìnnà sí i. Bí iná bá ga jù lókè àpótí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò dé ẹ̀yìn alángbá. Àwọ̀n irin tí a fi bo àpótí tún ń gba tirẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé iná UVB a máa kú kí ó tó kú. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, UVB inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ṣì ń dán gbinrin. Ẹni tí ó ni ín yóò máa yọ̀ pé iná ń tàn, kò mọ̀ pé àgbá òfìfo ló ń pariwo. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń pààrọ̀ púpọ̀ nínú àwọn iná wọ̀nyí láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn agbára rẹ̀. Iná tí ó mú jù náà ní ewu tirẹ̀, nítorí ó lè dá ojú alángbá lóró. Ní ọdún 2010, Gary Ferguson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ lọ sí ìgbẹ́ láti wọn UVB níbi tí àwọn alángbá àti ejò fúnra wọn yàn láti wà, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, láti orí àwọn tí ń sá sábẹ́ ibòji títí dé orí àwọn tí ń jókòó sí gbangba òòrùn. Ohun tí ó tó ẹnìkan ń bẹ tí ó pọ̀ jù fún ẹnìkejì.

Ẹ̀kẹta, àwọn mìíràn sáré lọ sí òdì kejì, wọ́n ní bí òòrùn bá ni ọba, kí a kúkú gbé àpótí síta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é! Àpótí gíláàsì tí a gbé sínú òòrùn yóò di ààrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, alángbá aṣálẹ̀ náà yóò sì kú sínú rẹ̀, nítorí ní aṣálẹ̀ gan-an ihò àti ibòji wà tí ó ń sá sí. Àgò oníwáyà ni a fi ń gbé e jáde, kí apá kan wà lóòrùn kí apá kan wà níbòji, kí omi wà níbẹ̀, kí ènìyàn sì jókòó tì í nítorí ológbò àti àwòdì.

Bí a ti ṣe nìyẹn ní oṣù keje ọdún tí mo wí. Alángbá náà ti ń lo kálísíọ́mù àti iná gidi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọjọ́ tí òòrùn mú dáadáa, a gbé e sí ẹ̀yìnkùlé. Ó kọ́kọ́ dúró bí òkúta. Lẹ́yìn náà ó fẹ ara rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó sì dojú ẹ̀gbẹ́ kan kọ òòrùn bí ẹni tí ń sá aṣọ. Kò pẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ fi tún mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó ya ẹnu, ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dára lọ síbi òjìji. Nígbà tí ó ṣe, ó tún padà. Mo kà á, ìgbà mẹ́rin ni ó lọ tí ó bọ̀. Inú àpótí, n kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. N kò ní purọ́ pé UVB ni ó ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ooru wà níbẹ̀, atẹ́gùn wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ju ti gílóòbù lọ fíìfíì náà sì wà níbẹ̀. Lórí alángbá yìí, láàárín ojú méjèèjì, ojú kẹta kékeré kan ń bẹ tí kò fi ń wo ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ń fi mọ̀. Ọjọ́ náà ni mo gbà pé ojú yẹn mọ ọba yàtọ̀ sí adelé.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ owó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rí iye tí wọ́n ń ta iná náà, ó pariwo, ó ní, "Alángbá! Àní alángbá! Èmi ni mò ń ra iná fún alángbá ní Ìlú Ọba! Alángbá mélòó ni a fi òkò lé kúrò lára ògiri nígbà tí a wà ní kékeré?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, egbògi wo ni mo ń rí tí ẹ ń lò ní ilé ìdáná láràárọ̀?" Ó dákẹ́. Fítámì D ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òòrùn ìgbà òtútù kò ní UVB tí ó tó, àwọn aláṣẹ ìlera wọn sì gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti ronú lórí lílo fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, ní ìgbà náà; àwa aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ní kí a ronú nípa lílo tiwa yípo ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi àti alángbá náà, ẹrù kan náà ni òkun gbé wọn wá pàdé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì lè ra egbògi fúnra rẹ̀. Alángbá kò wọ ọkọ̀ kankan, ìran rẹ̀ ni wọ́n kó wá.

Èyí Tí Ó Kàn Wá

Ẹnìkan lè béèrè pé, alángbá ara ògiri wa ń kọ́, ta ní ń tan iná fún un? Kò sí ẹni tí ń tan án, nítorí kò sí ẹni tí ó gba òòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀. Akọ olórí pupa yóò jáde sí gbangba ara ògiri, yóò yá òòrùn, yóò máa mi orí. Bí ọ̀sán bá pọ́n, yóò lọ sábẹ́ igi. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ pín òun, alángbá onírùngbọ̀n ti Ọsirélíà àti onírù ẹlẹ́gùn-ún ti Sàhárà sí. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ohun tí ọ̀kan ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ lára ògiri wa ni èkejì ń tọrọ nínú àpótí ní London.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wá ń gbèrò láti sin irú alángbá aṣálẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa níhìn-ín, kí ó má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ. Òòrùn wa pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Mo bẹ̀rù pé àwọn tí òòrùn wà lẹ́nu ọ̀nà wọn ni yóò kọ́kọ́ ti ẹranko náà mọ́ inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, lẹ́yìn gíláàsì. Afẹ́fẹ́ apá gúúsù wa náà sì kún fún omi ju ti aṣálẹ̀ lọ, pàápàá lásìkò òjò.

Nítorí náà, mo ní ohun méjì láti fi síwájú yín. Ìkínní, ó yẹ kí òfin wà níbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń ta irú ẹranko yìí pé ẹni tí ń tà á gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, ooru àti oúnjẹ rẹ̀ sínú ìwé fún ẹni tí ń rà á, kí ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó tàn án pé ojú fèrèsé ti tó, kí ó rí ẹjọ́ rẹ̀ rò. Ìkejì kan ẹni tí ń rà á. Kí ó ra iná kí ó tó ra alángbá. Bí owó rẹ̀ kò bá ká iná, a jẹ́ pé owó rẹ̀ kò ká alángbá.

Alángbá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò kú. Àgbọ̀n rẹ̀ ti le padà, ó sì ń fò mọ́ ìrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀tún wọ́ títí di òní, kò sì ní tọ́ mọ́. Ọmọ náà ti fi gègé kọ ọjọ́ tí wọ́n ra iná sára ìdí rẹ̀, ó sì mọ oṣù tí yóò pààrọ̀ rẹ̀. Bí òòrùn bá yọ ní oṣù kẹfà, kò sí ẹni tí ń rán an létí mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé àgò jáde, yóò sì gbé àpótí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ó bá lè san gbèsè òòrùn, kí ó sin alángbá aṣálẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san án, ti ara ògiri ń bẹ níta, kí ó lọ máa wò ó. Ìyẹn kò jẹ wá ní nǹkan kan, àwa náà kò sì jẹ ẹ́ ní gbèsè.